Ìbúgbàmù Tí Kò Ní Àdírẹ́sì

Nínú gbogbo ìbéèrè tí ọmọ aráyé ti gbé ka iwájú ojú sánmà, "níbo?" ni mo kà sí èyí tó gba sùúrù jù lọ. Kí nǹkan ṣẹlẹ̀ lókè, kí ẹ̀rọ wa sì mọ̀ ọ́n lára, ìyẹn ò ju kí ẹ̀rọ náà mọṣẹ́ lọ. Àmọ́ kí èèyàn na ìka sí ojú kan pàtó, kó ní "ibí yìí ló ti wá," iṣẹ́ àṣelàágùn ni. Fún ọgbọ̀n ọdún, láti 1967 títí di 1997, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń rí ìbúgbàmù ìtànṣán gáámà (irú ìmọ́lẹ̀ tí ojú èèyàn kò lè rí, tí agbára rẹ̀ pọ̀ jù lọ) lemọ́lemọ́, wọn ò sì mọ̀ bóyá itòsí wa níbí ló ti ń wá tàbí ìpẹ̀kun àgbáyé. Láti ìgbà tí mo ti wà ní yunifásítì ni mo ti ń ka ìtàn yìí, kò sì tíì sú mi. Bí mo bá tún rí ẹni tó fẹ́ gbọ́, ṣe ni inú mi máa ń dùn.

Ìtàn náà kò tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn tó ń wo ìràwọ̀. Ní 1963, Amẹ́ríkà, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Sófíẹ̀tì fọwọ́ sí ìwé pé àwọn ò ní dán bọ́ǹbù átọ́míìkì wò mọ́ nínú afẹ́fẹ́, lábẹ́ omi tàbí lókè òfurufú. Wọ́n fọwọ́ sí i lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn ò balẹ̀ síra wọn. Ọdún yẹn kan náà ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í gbé àwọn sátẹ́láìtì tó ń jẹ́ Vela sókè ní méjì-méjì, kí wọ́n máa ṣọ́ ìtànṣán gáámà tí bọ́ǹbù máa ń tú jáde bó bá bú. Ní ọjọ́ kejì oṣù keje 1967, ìtànṣán kan kọ mànà lójú Vela, ṣùgbọ́n bó ṣe gòkè tó sì rọlẹ̀ kò jọ ti bọ́ǹbù. Ray Klebesadel àti Roy Olson, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Los Alamos, ibùdó ìwádìí bọ́ǹbù átọ́míìkì ní Amẹ́ríkà, ló tú u rí ní 1969 nígbà tí wọ́n ń yẹ àwọn àkọsílẹ̀ àtẹ̀yìnwá wò. Wọn ò pariwo. Wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ń dúró de òmíràn, òmíràn sì ń dé. Nígbà tó di 1973, àwọn méjèèjì àti Ian Strong tẹ ìròyìn jáde lórí irú ìbúgbàmù bẹ́ẹ̀ 16 tí Vela rí láàárín 1969 sí 1972.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ìròyìn yẹn ni ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ̀ pé kì í ṣe ọwọ́ Sófíẹ̀tì. Àwọn sátẹ́láìtì Vela jìnnà síra wọn gan-an: bí ọ̀kan bá wà lápá ibí ayé tí èkejì sì wà ní òdìkejì, àlàfo tó wà láàárín wọn lé ní 200,000 kìlómítà. Ìmọ́lẹ̀ ń sá 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Nítorí náà, ìtànṣán kan náà á kan ọ̀kan kó tó kan èkejì, ìyàtọ̀ àkókò wọn kò sì ní tó ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìyàtọ̀ bín-ín-tín yẹn ni wọ́n fi ṣírò ìhà tó ti wá. Kì í ṣe láti ayé. Kì í ṣe láti ọ̀dọ̀ oòrùn. Ibẹ̀ ni ìmọ̀ wọn mọ. Wọ́n mọ ibi tí kò ti wá, wọn ò mọ ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí èyí fi jẹ́ ìnira ńlá. Ohun kékeré tó wà nítòsí àti ohun ńlá tó wà lọ́nà jíjìn lè mọ́lẹ̀ bákan náà lójú ẹ̀rọ. Bí o kò bá mọ ibi tí nǹkan wà, o kò lè mọ bó ṣe jìnnà tó. Bí o kò bá mọ bó ṣe jìnnà tó, o kò lè mọ agbára rẹ̀. Bí o kò bá sì mọ agbára rẹ̀, oníkálukú á máa sọ tirẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an nìyẹn. Àlàyé tí àwọn onímọ̀ gbé kalẹ̀ láàárín ìgbà yẹn lé ní ọgọ́rùn-ún. Àwọn kan ní òkúta òfurufú ló ń já lu ìràwọ̀ neutron, ìyókù ìràwọ̀ ńlá tó ti kú, tó kéré ṣùgbọ́n tó wúwo gan-an. Àwọn mìíràn ní ìràwọ̀ ló ń wó nínú gálásì (agbo ìràwọ̀ ńlá) tó jìnnà réré. Kò sẹ́ni tó lè já ẹnikẹ́ni nírọ́.

Ní oṣù kẹrin 1991, NASA, àjọ òfurufú Amẹ́ríkà, gbé sátẹ́láìtì Compton Gamma Ray Observatory sókè. Ẹ̀rọ kan wà lára rẹ̀ tó ń jẹ́ BATSE, tó ní ojú mẹ́jọ ní igun mẹ́jọ ọkọ̀ náà. Bí ìbúgbàmù bá ṣẹlẹ̀, ojú tó kọjú sí i gan-an ni yóò gba ìtànṣán jù, àwọn tó kọ ẹ̀gbẹ́ sí i á gba díẹ̀, wọn á sì fi ìyẹn díwọ̀n ìhà tó ti wá. Ìwọ̀n náà kì í péye: ó lè fi dígírì mélòó kan yẹ̀. Ẹni tó bá gbójú sókè wo òṣùpá àrànmọ́jú, kó rántí pé fífẹ̀ rẹ̀ kò ju ìdajì dígírì lọ. Agbègbè tí BATSE ń tọ́ka sí lè gba òṣùpá tó lé ní igba. Ta ni yóò fi awò awọ̀nàjíjìn tú gbogbo ibẹ̀?

Síbẹ̀, BATSE ṣe ohun tí mo rò pé àwọn èèyàn kì í yìn ín tó fún. Kí wọ́n tó já a sínú òkun ní 2000, ó ti ka ìbúgbàmù 2,704, nǹkan bí ẹyọ kan lójúmọ́. Nígbà tí wọ́n to gbogbo wọn sórí àwòrán sánmà, wọ́n rí i pé wọ́n fọ́n káàkiri láìṣojúsàájú síbì kankan. Gálásì tiwa tẹ́ pẹrẹsẹ; bó bá jẹ́ pé inú rẹ̀ ni wọ́n ti ń wá, ṣe ni wọn ìbá tò lọ lójú kan náà tí àwọn ìràwọ̀ wa tò sí. Wọn ò tò bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹrin 1995, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà wá sórí pèpéle ní Washington. Onímọ̀ ìràwọ̀ Bohdan Paczyński ní òkèèrè réré ni, lẹ́yìn gálásì wa pátápátá. Donald Lamb, onímọ̀ ìràwọ̀ bíi tirẹ̀, ní rárá, àyíká gálásì wa ni. Martin Rees ló ṣe alága. Àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀ dáadáa, ọ̀rọ̀ náà sì wà níbi tó wà, nítorí àríyànjiyàn kò lè fúnni ní àdírẹ́sì.

Kí ló dé tí a ò kúkú ya fọ́tò ìtànṣán gáámà bí a ṣe ń ya òṣùpá? Dígí ò lè tẹ̀ ẹ́. Agbára rẹ̀ ti pọ̀ jù: á gba inú dígí kọjá, tàbí kó kú sínú rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó yí ayé ká náà kì í jẹ́ kó dé ilẹ̀, ìyẹn ló fi jẹ́ pé òkè òfurufú nìkan la ti lè rí i. Bí kò bá sí dígí tó lè kó o jọ, ohun tó kù ni òjìji.

Ibí yìí ni mo fẹ́ dúró sí díẹ̀, nítorí ọgbọ́n tó wà níbẹ̀ wù mí púpọ̀. Ẹ wo àwọn ilé àtijọ́ ní Ìbàdàn, tí wọ́n fi búlọ́ọ̀kù oníhò mọ ògiri àtẹ̀gùn. Nírọ̀lẹ́, oòrùn á gba inú àwọn ihò yẹn wọlé, á ya àwòrán wọn sórí ilẹ̀. Bí oòrùn ṣe ń wọ̀, àwòrán náà á máa sún lọ. Ẹni tó bá mọ bí àwọn ihò náà ṣe tò lè wo ilẹ̀ nìkan, kó sì sọ ibi tí oòrùn wà láìgbójú sókè. Ìyàtọ̀ kan péré ló wà: ihò búlọ́ọ̀kù máa ń tò lọ́gbọọgba, nítorí náà bí àwòrán bá sún ní ìwọ̀n ihò kan, á tún jọ ti tẹ́lẹ̀, kò sì ní í yéni mọ́. Àwọn onímọ̀ wá mú òjé, wọ́n gé e wẹ́wẹ́, wọ́n tò ó láìtẹ̀lé ètò kankan, ìdajì àyè dí, ìdajì ṣí. Ìtànṣán tó bá ti ìhà kan wá, òjìji tirẹ̀ nìkan ni yóò já sórí ẹ̀rọ tó wà nísàlẹ̀. Kò sí ìhà méjì tí òjìji wọn bára mu. Kọ̀ǹpútà á wá gbé òjìji náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán òjé náà, á máa sún un síwá sẹ́yìn títí méjèèjì yóò fi wọlé síra wọn. Ibi tí wọ́n bá ti wọlé síra, ibẹ̀ ni ìbúgbàmù wà.

Bí wọ́n bá ní kí n mú ọjọ́ kan nínú ìtàn yìí tí ǹ bá fẹ́ kó ṣojú mi, ọjọ́ 28 oṣù kejì 1997 ni màá mú. Sátẹ́láìtì BeppoSAX, tí Ítálì àti Nẹ́dálándì jọ ṣe, ti wà lókè láti oṣù kẹrin 1996. Wọ́n fi orúkọ Giuseppe Occhialini sọ ọ́, àgbà onímọ̀ físíìsì tí àwọn tó sún mọ́ ọn ń pè ní Beppo. Ọ̀nà rẹ̀ kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé, ó sì máa ń kọjá lórí Malindi, ìlú etí òkun kan ní Kẹ́ńyà tí Ítálì ní ibùdó sí. Ibẹ̀ ló ti ń tú ẹrù rẹ̀ sílẹ̀, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń fi í ránṣẹ́ sí Róòmù. Mo máa ń sọ èyí fún gbogbo ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ òfurufú kò kan Áfíríkà. Ìròyìn tó parí àríyànjiyàn ọgbọ̀n ọdún, ilẹ̀ Áfíríkà ló kọ́kọ́ bà sí.

Kámẹ́rà tí àwọn ará Nẹ́dálándì ṣe, tó ń lo òjìji bí mo ṣe ṣàlàyé, rí ìbúgbàmù náà, ó sì mọ ojú ibi tó wà débi ìdá kan nínú mẹ́wàá fífẹ̀ òṣùpá. Nǹkan bíi wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn náà, wọ́n ti yí sátẹ́láìtì náà kọjú síbẹ̀, wọ́n sì bá ìtànṣán X tó ń jó rẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n fi padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, ó ti rẹlẹ̀ gan-an. Ní La Palma, lára àwọn erékùṣù Canary, àwọn ẹgbẹ́ Jan van Paradijs ti fi awò William Herschel ya fọ́tò ojú ibẹ̀ ní alẹ́ ọjọ́ 28 yẹn kan náà. Wọ́n tún ya òmíràn ní ọjọ́ kẹjọ oṣù kẹta. Wọ́n gbé fọ́tò méjèèjì síra. Àmì ìmọ́lẹ̀ kan wà nínú ti àkọ́kọ́ tí kò sí nínú ti èkejì. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí ìbúgbàmù gáámà kan ní ibùjókòó tí èèyàn lè fi awò lásán wò. Wọ́n pè é ní GRB 970228: GRB ni ìkékúrú orúkọ ìbúgbàmù gáámà lédè Gẹ̀ẹ́sì, nọ́ńbà náà sì wà bẹ́ẹ̀ nítorí ọdún, oṣù àti ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀ ni wọ́n fi ń sọ wọ́n lórúkọ.

Ní oṣù karùn-ún ọdún yẹn, BeppoSAX tún rí òmíràn, awò Keck ní Hawaii sì tú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ wò. Ó ti wà lójú ọ̀nà fún ohun tó ju bílíọ̀nù 6 ọdún lọ kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Paczyński ló jàre. Láti ibẹ̀ lọ, nǹkan ń yára: ìbúgbàmù ti ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2003 fi hàn kedere pé àwọn tó máa ń pẹ́ díẹ̀ ń wá láti ara ìràwọ̀ ńlá tí àárín rẹ̀ wó sínú ara rẹ̀ nígbà tó ń kú. Èyí tí kì í tó ìṣẹ́jú àáyá méjì ló kù tí kò tíì yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa ń tètè kú jù kí ẹnikẹ́ni tó yíjú.

Nítorí irú wọn ni wọ́n ṣe kọ́ Swift, tí NASA gbé sókè ní ọjọ́ 20 oṣù kọkànlá 2004. Neil Gehrels ló darí iṣẹ́ náà. Ó kú ní 2017, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ kún ti awò náà ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Ojú rẹ̀ tó ń ṣọ́ gáámà ń jẹ́ BAT. Òjé wẹ́wẹ́ tó lé ní 50,000 ló wà lókè rẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan kò ju mìlímítà 5 sí 5 lọ. Ní nǹkan bíi mítà kan sísàlẹ̀, ẹ̀rọ kéékèèké 32,768 ló ń gba òjìji wọn. Bí ìtànṣán bá já lé e, kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀ á ṣírò òjìji náà láàárín ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, á wò ó bóyá ìràwọ̀ tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ ni, á wò ó bóyá ìhà ibẹ̀ kò sún mọ́ oòrùn jù. Bí ohun gbogbo bá wà létò, á yí ara rẹ̀ padà kọjú síbẹ̀, láìbi ẹnikẹ́ni léèrè. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò tó ìṣẹ́jú méjì tí awò ìtànṣán X rẹ̀ á ti máa wo ojú ibẹ̀. Wákàtí mẹ́jọ BeppoSAX ti di ìṣẹ́jú.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún 2005, Swift rí ọ̀kan nínú àwọn kúkúrú náà, ó yí síbẹ̀ kíá. Ìtànṣán X tó rí gbà kò ju mọ́kànlá lọ. Mọ́kànlá péré! Wọ́n sì tó láti tọ́ka sí ẹ̀bá gálásì kan tó ti dàgbà, tí kò sí ìràwọ̀ ńlá tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bí nínú rẹ̀ mọ́. Ìràwọ̀ ńlá kì í pẹ́ láyé. Gálásì tí kò bí wọn mọ́ kò lè ní wọn láti pa. Ó ní láti jẹ́ ohun mìíràn ló bú níbẹ̀, ohun tó lè dúró fún ọ̀pọ̀ bílíọ̀nù ọdún kó tó bú: ìràwọ̀ neutron méjì tó ń yí po ara wọn títí wọ́n fi kọlura. Àdúgbò tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀ ló sọ irú nǹkan tó jẹ́.

Ẹ̀rí rẹ̀ wá dé ní ọjọ́ 17 oṣù kẹjọ 2017. Àwọn ẹ̀rọ LIGO ní Amẹ́ríkà àti Virgo ní Ítálì gba ìgbì òòfà (gravitational waves, kì í ṣe ti mágínẹ́ẹ̀tì) láti ara ìràwọ̀ neutron méjì tó kọlura. Ní ìṣẹ́jú àáyá 1.7 lẹ́yìn ìkọlù náà, sátẹ́láìtì Fermi rí ìbúgbàmù gáámà. Fermi máa ń rí apá tó pọ̀ jù lọ nínú sánmà lẹ́ẹ̀kan náà, ṣùgbọ́n ibi tó bá tọ́ka sí máa ń fẹ̀ bí ti BATSE. Swift, tí í tọ́ka síbi tóóró, kò rí ìbúgbàmù náà rárá, nítorí ayé wa gan-an ló dí i lójú ní wákàtí yẹn. Àwọn awò orí ilẹ̀ ló wá a: ìgbì òòfà ti dín agbègbè náà kù sí nǹkan bíi 28 dígírì onígun mẹ́rin, wọ́n sì ń yẹ gálásì ibẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Wákàtí mọ́kànlá lẹ́yìn ìkọlù náà, awò Swope ní Chile rí ìmọ́lẹ̀ tuntun lára gálásì NGC 4993, tó jìnnà sí wa ní ọdún ìmọ́lẹ̀ mílíọ̀nù 130 (ọdún ìmọ́lẹ̀ kan ni ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè sá dé lọ́dún kan). Nínú ìmọ́lẹ̀ yẹn ni wọ́n ti rí àmì pé irú ìkọlù bẹ́ẹ̀ ló ń pèsè àwọn nǹkan wíwúwo bíi wúrà. Bí kò bá sí awò orí ilẹ̀ tó rí i, ìtàn gáámà àti ìgbì òòfà lásán ni ìbá kù.

Ìròyìn àwọn nǹkan yìí kì í ṣe àṣírí. Ètò kan wà tó ń jẹ́ GCN, tó ń fi iṣẹ́ ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá fẹ́, mo sì máa ń kà á lórí fóònù lálẹ́. Ìwé pélébé ni, kò ní ọ̀ṣọ́ kankan: aago, ìwọ̀n, orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹwàá 2022, Swift kọ̀wé pé òun rí nǹkan tuntun ní RA 288.26, Dec +19.77, nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ń tọ́ka sí ojú kan lójú sánmà. Ibẹ̀ wà lójú kan náà pẹ̀lú ìràwọ̀ gálásì tiwa, nítorí náà wọ́n kọ́kọ́ rò pé ọ̀kan lára àwọn tiwa ló tàn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá rí i pé Fermi ti rí ìbúgbàmù kan láti ìhà ibẹ̀ ní nǹkan bíi wákàtí kan ṣáájú. Ìyókù rẹ̀ ni Swift bá, ó sì wá láti nǹkan bíi bílíọ̀nù 2 ọdún ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn gálásì wa. Òun ló mọ́lẹ̀ jù lọ nínú gbogbo ìbúgbàmù gáámà tí ẹ̀rọ ti rí títí di òní. Agbára rẹ̀ débi pé ó da apá òkè afẹ́fẹ́ ayé wa rú.

Ọ̀nà Swift kò kọjá dígírì 21 sí àríwá tàbí gúúsù ìlà agbedeméjì, nítorí náà ilẹ̀ Yorùbá wà lábẹ́ rẹ̀. Láti ìwọ̀-oòrùn ló ti ń wá. Bó bá ti kọjá lókè wa, nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló kù kó dé ìhà Malindi, nítorí Malindi kan náà lòun náà ti ń tú ẹrù rẹ̀.

Ó ti ń rẹlẹ̀ báyìí. Swift kò ní ẹ́ńjìnnì tó lè gbé e sókè, oòrùn sì ti gbóná fún ọdún mélòó kan, ó mú kí afẹ́fẹ́ òkè wú, kó sì máa fà á sẹ́yìn. Ní oṣù kẹsàn-án 2025, NASA kéde pé òun ti bá ilé-iṣẹ́ Katalyst ṣàdéhùn 30 mílíọ̀nù dọ́là láti rán ọkọ̀ tó ń darí ara rẹ̀ lọ dì í mú, kó gbé e gòkè. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ Swift, wọn ò ṣe ibì kankan sára rẹ̀ tí ọkọ̀ mìíràn lè dì mú, nítorí náà iṣẹ́ náà le. Ṣáínà àti Faransé ti gbé SVOM sókè ní oṣù kẹfà 2024, òun náà ń ka òjìji, àwọn kan sì lè wí pé ó tó láti rọ́pò Swift. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Méjèèjì ni mo fẹ́ kó wà lókè pọ̀, ní ìhà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ayé má bàa tún dí awò kan ṣoṣo tí a gbẹ́kẹ̀ lé lójú bíi ti oṣù kẹjọ 2017.